Ẹ Má Pe Ìyá Mi Mọ́

Àpò aṣọ kékeré kan wà lọ́rùn Ìyá tí kì í kúrò níbẹ̀ àfi tó bá fẹ́ wẹ̀. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Aránṣọ nítorí iṣẹ́ tó ń ṣe, ló fi àjákù aṣọ rán an, ó sì fi bọ́tìnnì ńlá kan sí i lẹ́nu. Fóònù ló wà nínú àpò náà. Kì í ṣe pé Ìyá ń fi í pe ẹnikẹ́ni o. Ìgbàgbé ti wọlé tọ̀ ọ́ láti ọdún mélòó kan sẹ́yìn, kò sì mọ ibi tí wọ́n ń tẹ̀ mọ́ tí wọ́n bá fẹ́ gbé ìpè. Bí fóònù bá dún láyà rẹ̀, yóò rọra máa fọwọ́ gbá a bí ẹni ń rẹ ọmọ, yóò ní, "Ó tó, ó tó, sùn." Kí wọ́n lè mọ ibi tó bá wà ni wọ́n ṣe gbé e kọ́ ọ lọ́rùn, nítorí Ìyá lè dìde nísinsìnyí kó ní òun ń lọ sílé, bẹ́ẹ̀ inú ilé ló wà.

Ìjà tí fóònù náà kọ́kọ́ dá sílẹ̀ kì í ṣe kékeré. Láti ìgbà èwe Ìyá títí dìgbà tó fi iṣẹ́ sílẹ̀, ilé ìfọṣọ ilé ìwòsàn ńlá ló ti ń ṣiṣẹ́, nídìí áyọ́ọ̀nù. Òun ni olórí àwọn alọṣọ, òun ló ń jáde gbẹ̀yìn, kò sì ní kúrò níbẹ̀ àfi tó bá fa okùn áyọ́ọ̀nù kọ̀ọ̀kan yọ lára ògiri, tó wé e mọ́ ọn lọ́rùn, tó sì fi ẹ̀yìn ọwọ́ kàn án wò bóyá ó ti ń tutù. "Iná tí a kò lò, ká pa á." Ọ̀rọ̀ yìí ló fi tọ́ Aránṣọ àti àbúrò rẹ̀ dàgbà. Irú ìyá bẹ́ẹ̀ ni ẹ wá fẹ́ kó máa gbé fóònù títàn kiri? Ìyá lè gbàgbé orúkọ ọmọ, ó lè gbàgbé bóyá òun ti jẹun, ṣùgbọ́n kò gbàgbé bọ́tìnnì tí wọ́n fi ń pa fóònù. Bí wọ́n bá tàn án láàárọ̀, kí ọ̀sán tó pọ́n, ó ti pa á. Ó ní ó ń jẹ iná lásán.

Àbúrò Aránṣọ ló wá ọ̀nà àbáyọ sí i. Fóònù ló ń tún ṣe nínú ṣọ́ọ̀bù kékeré kan, Ṣájà sì ni wọ́n ń pè é, nítorí kò sí ìgbà tí ẹ máa rí i tí okùn ṣájà kò ní máa yọ lápò ṣòkòtò rẹ̀. Ó jókòó ti fóònù Ìyá, ó pa dátà, ó dín ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kù, ó tẹ ibí, ó tẹ ọ̀hún, ó wá gbójú sókè.

"Àǹtí mi, ohun tó ń jẹ bátìrì yìí jù, nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó ń wá kiri ni. Fóònù tó ń wá nẹ́tíwọ́ọ̀kì, bí ọmọ tó sọ ìyá ẹ̀ nù lọ́jà ló rí. Bí kò bá rí i, ṣe ló máa ń kígbe sí i, títí ohùn á fi há. Mo ti ní kó má kígbe mọ́. Bó bá jókòó sójú kan, kó sùn, àfi bí ẹnì kan bá pè é. Bí Màmá bá ń rìn, kó máa yọjú wò lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, wáìfáì tó bá mọ̀ rí nìkan ni kó sì dá lóhùn. Bó bá ti bá èyí tó mọ̀ pàdé, á fi ibi tó wà ránṣẹ́ sí fóònù mi."

"Wáìfáì mélòó ló wá mọ̀?" ni Aránṣọ bi í.

"Ti ilé yìí, àti ti ṣọ́ọ̀bù mi."

"Ìyẹn ni pé bí wọ́n bá gba ibòmíràn lọ, ká káwọ́ gbera?"

"Ṣé kò sàn ju èyí tí wọ́n ń pa lójoojúmọ́ lọ ni?"

Ìyá gba fóònù náà, ó wo ojú rẹ̀ tó ṣókùnkùn, inú rẹ̀ sì dùn. "Ó ti sùn," ni ó wí, ó fi í sínú àpò, ó de bọ́tìnnì. Láti ọjọ́ náà ni kò ti pa á mọ́. Ṣùgbọ́n Aránṣọ kò fi gbogbo ara gba ọgbọ́n yìí. Lójú tirẹ̀, ọlọ́dẹ tó ń sùn kò yàtọ̀ sí ẹni tí kò wá síbi iṣẹ́.

Ó wá di ọ̀sán ọjọ́ kan. Tíṣà kan tó ń gbé ní òpópónà kejì fẹ́ wá yẹ ẹ̀wù rẹ̀ wò, ẹ̀wù tó fẹ́ wọ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n máa fi í ṣe ọ̀gá ilé ìwé. Aránṣọ kò tíì lọ aṣọ inú rẹ̀ tó fẹ́ rán mọ́ ọn. Sọ́kẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo ló ṣeé gbọ́kàn lé nínú ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ rẹ̀ tó wà níwájú ilé wọn, fóònù Ìyá ló sì wà lójú iná níbẹ̀. Bátìrì rẹ̀ ṣì pupa. Aránṣọ fà á yọ, ó ki áyọ́ọ̀nù bọ ibẹ̀, ó gbé àpò kọ́ Ìyá lọ́rùn níbi tó jókòó sí lẹ́nu ọ̀nà, tó ń bá a tú òwú kúrò lára aṣọ. "Tó bá yá, màá dá a padà sójú iná." Ẹ ò rí irọ́ tí ènìyàn máa ń pa fún ara rẹ̀!

Kò tíì lọ aṣọ náà dé ìdajì tí tíṣà fi wọlé. Ni wọ́n bá bọ́ sẹ́yìn kọ́tìnnì. Tíṣà gbé ẹ̀wù wọ̀, Aránṣọ kúnlẹ̀ ti etí ẹ̀wù náà, abẹ́rẹ́ olórí kún ọwọ́ rẹ̀, ó ń fi wọ́n gún etí aṣọ mọ́lẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ibẹ̀ ló ti gbọ́ ohùn Ìyá.

"Ta ló wà nídìí áyọ́ọ̀nù yìí?"

"Màmá, ẹ jókòó jẹ́ẹ́, mò ń bọ̀."

"Wọn ò pa áyọ́ọ̀nù. Wọ́n ti lọ, wọn ò pa á o."

"Mo ní mò ń bọ̀!"

Ohùn tó fi sọ èyí le ju bó ṣe fẹ́ lọ. Tíṣà wo ojú Aránṣọ nínú dígí. Ìyá dákẹ́, Aránṣọ sì rò pé ó ti jókòó.

Nígbà tó gbé kọ́tìnnì, àga Ìyá ló rí, kò rí Ìyá. Ilẹ̀kùn ìta ṣí sílẹ̀ gbayawu. Inú kọ́kọ́ bí i díẹ̀, ó ní, "Màmá yìí ti tún bẹ̀rẹ̀." Ó wo ẹ̀yìnkùlé, kò sí. Ó wo balùwẹ̀, kò sí. Ó yọ sí títì, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ọkọ̀ akẹ́rù méjì ló ń sáré bọ̀, kò sì rí orí funfun kankan lẹ́bàá ọ̀nà. Ìgbà náà ni àyà rẹ̀ já. Tíṣà ti tẹ̀lé e jáde tòun ti ẹ̀wù tí wọn kò tíì rán tán. Aránṣọ fa ilẹ̀kùn dé, ó tì í, ó sì pe fóònù Ìyá.

Ó dún títí, kò sẹ́ni tó gbé e. Ó tún pè. Ó mọ̀ pé ṣe ni Ìyá máa ń rẹ̀ ẹ́ bí ọmọ, ṣùgbọ́n ó ń rò ó pé àwọn tó bá wà nítòsí lè gbọ́ kí wọ́n sì bá a gbé e. Ó ń pè, ó ń sáré, ó ń pè. Ẹ̀rù ọkọ̀ ń bà á, ẹ̀rù gọ́tà ń bà á, ẹ̀rù alẹ́ tó ń bọ̀ sì ń bà á jù, nítorí bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, Ìyá kì í mọ ojú ẹnikẹ́ni mọ́.

"Ẹ bá mi wá ìyá mi o!" ló ń ké lójú títì. Ènìyàn rere ni àwọn ará àdúgbò náà. Wọ́n tú jáde. Aránṣọ ka nọ́ńbà Ìyá sókè ketekete fún wọn. Ẹni tó ní fóònù tẹ̀ ẹ́, ẹni tí kò ní yá ti ẹlòmíràn. Tíṣà ń bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ àwọn ọkọ̀ tó dúró sí ẹ̀bá ọ̀nà, bí ẹni pé ológbò ló sọnù, tó bá sì ti bẹ̀rẹ̀, abẹ́rẹ́ á gún un, á ké "Yéè!", gbogbo ènìyàn á sì sáré wá pé ó ti rí i. Ọ̀rọ̀ burúkú tòun tẹ̀rín.

Ṣájà, tí wọ́n ti ránṣẹ́ pè, dé lórí alùpùpù rẹ̀, òógùn bo ojú rẹ̀. "Ilé wa àtijọ́ ni mo gbà wá, torí ibẹ̀ ni wọ́n sá lọ lọ́jọ́sí. Wọn ò sí níbẹ̀." Ó yọ fóònù tirẹ̀ wò. "Ibi tó ti fi ìròyìn ránṣẹ́ kẹ́yìn, inú ilé yìí ni. Bátìrì ẹ̀ ńkọ́?"

"Ó ti pupa. Mo yọ ọ́ lójú iná kí n lè fi áyọ́ọ̀nù síbẹ̀." Ọ̀rọ̀ áyọ́ọ̀nù jáde lẹ́nu Aránṣọ, kò wọ etí òun fúnra rẹ̀.

"Ó ti pupa? Ẹ wá ti pè wọ́n tó ìgbà mélòó?"

"Ṣé mo lè kà á ni? Gbogbo àdúgbò ló ń pè wọ́n!"

Ṣájà di orí rẹ̀ mú. "Háà! Ẹ̀ ń pa fóònù yẹn nìyẹn! Gbogbo ìgbà tó bá dún, ojú ẹ̀ á tàn, ara ẹ̀ á gbọ̀n, bátìrì á máa wọlẹ̀. Ìwọ̀nba tó kù sí i nínú, ẹ jẹ́ kó fi wá ọ̀nà. Ẹ̀gbọ́n mi, mo bẹ̀ yín, ẹ má pè wọ́n mọ́."

"Ìyá mi sọnù, o ní kí n má pè wọ́n? Ìwọ lo kọ́ fóònù lóorun! Ìwọ lo ní kó máa sùn!"

"Bí mi ò bá kọ́ ọ lóorun, ì bá ti kú láti òwúrọ̀!"

Ni Aránṣọ bá bi ara rẹ̀ léèrè. Ta ló yọ fóònù lójú iná? Ṣé Ṣájà ni? Ó wo àbúrò rẹ̀. Ìyá tirẹ̀ náà mà ni. Ó na fóònù ọwọ́ rẹ̀ sí i. "Gbà á. Bó bá wà lọ́wọ́ mi, màá pè."

Ni wọ́n bá tún kọrí sí títì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kígbe kúrò níbẹ̀. "Ẹ má pe ìyá mi mọ́ o! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dákun, ẹ má pè wọ́n mọ́!" Bàbá kan gbé fóònù lé etí, ó ń fi ọwọ́ kejì juwọ́ sí wọn, ayọ̀ kún ojú rẹ̀. "Ó ń dún! Ó ń dún!" Ṣájà fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ̀bálẹ̀ fún un. "Ẹ gé e, bàbá, ẹ gé e!" Obìnrin kan pàtẹ́wọ́, ó yíjú sí ẹnìkejì rẹ̀, ó ní, "Irú ọmọ wo rèé? Ìyá ẹ̀ sọnù, ó ní ká má pè é." Aránṣọ gbọ́, ó gbé e mì. Ọ̀rọ̀ tó dùn ún dé egungun ni, ṣùgbọ́n kò sí àyè àlàyé. Ó tún sáré lọ bá ẹni tó kàn.

Nígbà tí gbogbo fóònù àdúgbò dákẹ́, àwọn tó lẹ́sẹ̀ fọ́n káàkiri àwọn ọ̀nà tó wà nítòsí. Ṣájà ní kí ẹ̀gbọ́n òun dúró sẹ́nu ilé, bóyá Ìyá á fúnra rẹ̀ padà. Òun náà dúró tì í, fóònù ní àtẹ́lẹwọ́, pé bí ìròyìn bá dé, kí àwọn jọ gbéra. Wọ́n jókòó lórí bẹ́ǹṣì tó wà lẹ́nu ọ̀nà. Tíṣà kò lè jókòó nítorí abẹ́rẹ́, ó dúró gangan lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, wọ́n wí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó sọ ọ́ kò sọ bí ọwọ́ ṣe máa ń yún ènìyàn tó. Aránṣọ fi ọwọ́ méjèèjì sábẹ́ itan, ó jókòó lé wọn. Kò sí ohun tó le fún un láti ìgbà tí wọ́n ti bí i ju pé kó jókòó kó má ṣe nǹkan kan. Ó ń ronú nípa fóònù kékeré yẹn nínú àpò, tó ń yọjú, tí kò rí ojúlùmọ̀, tó tún padà sùn. "Má kú," ló ń sọ fún un nínú ọkàn rẹ̀. "Jọ̀ọ́, má tíì kú."

Oòrùn ti ń wọ ẹ̀yìn òrùlé nígbà tí fóònù Ṣájà ké ṣín-ín. Ó fò dìde.

"Ó ti rí i! Àǹtí, ó ti rí ọ̀kan!"

"Ti ṣọ́ọ̀bù ẹ ni?"

"Rárá." Ó ka ojú fóònù, ó tún un kà, bí ẹni tí kò gba ojú ara rẹ̀ gbọ́. "Ilé ìfọṣọ. Ilé ìfọṣọ ilé ìwòsàn ni. Báwo ni fóònù yìí ṣe mọ ibẹ̀?"

Aránṣọ ló kọ́kọ́ rántí. Ọjọ́ tí wọ́n ń ṣe ìdágbére fún Ìyá, àwọn ọmọ iṣẹ́ ya fọ́tò títí, wọ́n sì fi wáìfáì ibẹ̀ sí fóònù rẹ̀ yìí kan náà kí wọ́n lè kó àwọn fọ́tò náà sí i. Kò sẹ́ni tó yọ ọ́ kúrò láti ìgbà náà. Kò sì sẹ́ni tó ronú kan ibẹ̀ lọ́jọ́ náà, nítorí pé ìbínú ni Ìyá fi kúrò níbi iṣẹ́ yẹn. Ọ̀gá tuntun kan ló sọ fún un pé ọwọ́ rẹ̀ ti ń falẹ̀. Ìyá ní òun ò ní tẹ ibẹ̀ mọ́ láéláé, kí wọ́n máa lọ ara wọn.

Ṣájà tẹ fóònù rẹ̀ kó lè mọ̀ sí i, kò rí nǹkan kan mọ́. "Ó ti kú," ni ó wí. "Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó kù nínú ẹ̀, òun ló fi ránṣẹ́ yẹn."

Wọ́n gun alùpùpù. Aránṣọ di àbúrò rẹ̀ mú lẹ́yìn, kò sì mọ̀ pé òun ń sunkún àfi nígbà tí atẹ́gùn gbẹ omi náà mọ́ ọn lójú. Fóònù rí ilé ìfọṣọ, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n bí Ìyá bá kàn kọjá níbẹ̀ ńkọ́?

Ilé ìfọṣọ náà wà lẹ́yìn ilé ìwòsàn, lábẹ́ àjà tó rẹlẹ̀, ooru àti òórùn ọṣẹ sì pàdé wọn lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ̀rọ ńlá ń yí gbirigbiri. Ìbòrí ibùsùn funfun wà lórí okùn lọ súà. Aránṣọ gbá ọ̀kan sọ́tùn-ún, ó gbá èkejì sósì, ni ó bá rí orí funfun kan láàárín gbogbo aṣọ funfun yẹn. Ìyá jókòó lórí àpótí, àpò rẹ̀ lọ́rùn, ó ń ká aṣọ ìrọ̀rí, igun sí igun.

Aránṣọ kúnlẹ̀, ó wa ojú mọ́ itan ìyá rẹ̀. Ṣe ló kàn ń mí.

Olórí alọṣọ ibẹ̀, obìnrin tí Ìyá fúnra rẹ̀ kọ́ níṣẹ́, wá bá wọn, ó ń rẹ́rìn-ín. "Ẹ kú oríire! Mi ò ní nọ́ńbà yín, mo sì wo fóònù wọn, ó ti kú. Ẹ jẹ́ n sọ ohun tí ọ̀gá mi ṣe fún wa. Wọ́n wọlé, wọn ò kí ẹnikẹ́ni, wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti igun, wọ́n ń fa okùn áyọ́ọ̀nù yọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwa rò pé iná lọ ni! A ti ń ṣépè fún àwọn oníná kí n tó wẹ̀yìn tí mo rí ọ̀gá mi tí wọ́n ń wé okùn. Mo wá bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n bá wa ká aṣọ, kí wọ́n má bàa tún rìn lọ."

"Ẹ ò pa áyọ́ọ̀nù," ni Ìyá sọ, ojú rẹ̀ le. "Ilé ìwòsàn ni ẹ wà. Àwọn aláìsàn ń sùn lókè."

"A dúpẹ́, ọ̀gá wa," ni olórí alọṣọ wí, ó sì tẹríba. Kò fi ṣe yẹ̀yẹ́ o.

Tákísí ni Aránṣọ àti Ìyá gbà padà, Ṣájà ń gun alùpùpù tẹ̀lé wọn. Aránṣọ di ọwọ́ Ìyá mú ṣinṣin. Ara rẹ̀ ti rọ̀, ọkàn rẹ̀ ti balẹ̀, gbogbo ayé sì ti dára, kó tó di pé ọ̀rọ̀ tí Ìyá sọ lọ́sàn-án padà sí i létí. *Ta ló wà nídìí áyọ́ọ̀nù yìí?* Ara rẹ̀ tutù nini. Ó ti fi áyọ́ọ̀nù sílẹ̀! Lórí tábìlì, lójú iná, láàárín aṣọ ẹni ẹlẹ́ni, nínú ṣọ́ọ̀bù tó kún fún òwú, ó sì fi kọ́kọ́rọ́ tì í mọ́ ibẹ̀! Fóònù rẹ̀ wà lápò Ṣájà. "Awakọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tẹ̀ ẹ́! Ilé mi ń jó!"

"Kò jó," ni Ìyá sọ. Ó ń wo ìta lójú fèrèsé. "Mo ti pa tiwa kí n tó jáde. Àwọn tọ̀hún ni mo lọ pa."

Aránṣọ tún bẹ awakọ̀ pé kó sáré. Ẹni tó bi í ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà pé ọmọ ta ló jẹ́, báwo ni yóò ṣe gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbọ́ lórí áyọ́ọ̀nù?

Tíṣà ṣì dúró sẹ́nu ọ̀nà nígbà tí wọ́n dé, abẹ́rẹ́ yí i ká. Ó rí Ìyá, ó ju ọwọ́ méjèèjì sókè, ó ní "Ọpẹ́ o!", abẹ́rẹ́ sì tún gún un. Aránṣọ kò dúró kí i. Ẹ̀ẹ̀mejì ni kọ́kọ́rọ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó ṣí ilẹ̀kùn.

Kò sí èéfín. Lórí tábìlì, áyọ́ọ̀nù nàró gẹ́gẹ́ bí ó ti yẹ kó nàró. Okùn rẹ̀ ti kúrò lára ògiri, wọ́n sì ti wé e mọ́ ọn lọ́rùn dáadáa, ẹnu okùn wọ abẹ́ rẹ̀, bí ẹnì kan ṣoṣo ṣe ń wé e láyé yìí. Wọ́n ti ká aṣọ inú ẹ̀wù tíṣà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, igun sí igun. Aránṣọ fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan áyọ́ọ̀nù náà. Ó ti tutù tipẹ́.

Ó yíjú sí Ìyá, tó ti padà sórí àga rẹ̀, tó ń wá òwú tó ń tú lọ́sàn-án. Bó bá jẹ́ pé ó dá a lóhùn lọ́sàn-án ni, bóyá kì bá lọ. Bó bá sì jẹ́ pé kò dìde ni, kí ni wọn ì bá bá nílẹ̀? Aránṣọ rọra bọ́ àpò náà kúrò lọ́rùn rẹ̀, ó yọ fóònù, ó kì í bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì tí áyọ́ọ̀nù fi sílẹ̀. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ojú fóònù tàn.

Ìyá rí ìmọ́lẹ̀ náà. Ó nawọ́ sí i. "Ṣé ẹ̀ ń lò ó ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá," ni Aránṣọ wí. "À ń lò ó."

Ìyá rò ó wò díẹ̀, ó sì fa ọwọ́ rẹ̀ padà. "Tó bá jẹ́ pé ẹ̀ ń lò ó, ẹ fi sílẹ̀."